Nígbà tí ọrùn kòròfo kò di ọta mú bákan náà: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ lórí ráífù 6.5 Creedmoor kan

Ráífù 6.5 Creedmoor ni, irú èyí tí iléeṣẹ́ Hornady gbé jáde lọ́dún 2007 fún àwọn tó ń figagbága ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀gbọ́n tó ni ín kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Wọ́n ti ń yìnbọn ìdíje tipẹ́, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń di kátíríìjì: wọ́n á kó kòròfo tí wọ́n ti yìn jọ, ìyẹn àgọ́ idẹ tó ń gba ẹ̀tù sínú tó sì ń fi ọrùn rẹ̀ di ọta mú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi dáì, irin oníhò tó ń fún un, dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n á fi páráímà tuntun, èyí tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, sí i nídìí, wọ́n á bu ẹ̀tù sí i, wọ́n á wá tẹ ọta tuntun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá rèé: ní 100 yáàdì, ihò márààrún máa ń wọnú ara wọn lórí ìwé, ní 1,000 yáàdì, ihò a tò lóòró, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ fífẹ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ kò tó nǹkan.

“Ọ̀pá ìbọn yìí ló ti gbó,” wọ́n ní. “Mo ti ń wá owó òmíràn.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì náwó. Ọ̀pá tó bá ti gbó kì í sábà dúró de 1,000 yáàdì kó tó fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ máa rí i níbi tó sún mọ́ yín náà. Afẹ́fẹ́ ń gbé ọta lọ sí ọ̀tún tàbí òsì. Tó bá jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ni ìjà wà, eré ọta ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ọta 140 gíréènì (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù) tó ń jáde ní nǹkan bí 2,700 fps, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí eré rẹ̀ bá fi 30 fps dín, yóò balẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 8 sísàlẹ̀ ní 1,000 yáàdì. Ní 100 yáàdì, ìyàtọ̀ kan náà yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá íǹṣì. Ìdí nìyẹn tí ìwé 100 yáàdì fi lè máa rẹ́rìn-ín síni nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀.

A gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti wọ̀n ọ́n rí, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ni wọ́n máa ń yìn, wọ́n á wo SD tí ẹ̀rọ kọ, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí eré àwọn ọta ṣe jìnnà sí àárín wọn tó, bó bá ti kéré, ó parí. Ọta márùn-ún lè purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé márùn-ún tó jọra lẹ bọ́ sí, kó jẹ́ ẹ̀kẹfà ló máa tú àṣírí. Ogún ni mo ní ká yìn, ká máa sinmi díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀pá lè tutù. Láàárín èyí tó yára jù àti èyí tó lọ́ra jù, ìyàtọ̀ lé ní 50 fps. Ihò tó tò lóòró ti rí baba rẹ̀ nìyẹn, kò sí ìdí láti máa bá ọ̀pá ìbọn jà mọ́.

Kí ló ń fa ìyàtọ̀ eré? Ẹ̀tù ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n ń wọn ẹ̀tù wọn lórí òṣùwọ̀n tó ń ka 0.1 gíréènì, mo sì tún un wọ̀n lórí tèmi. Kò sí àbùkù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 0.1 gíréènì sókè sódò nínú kátíríìjì tó tó èyí kò lè bí 50 fps láéláé. Páráímà wọn láti inú páálí kan náà ni. Ọta wọn, oríṣi kan náà ni, ìwọ̀n wọn sì sún mọ́ra. Ọrùn kòròfo ló kù.

Ìdìmú ọrùn ni mo máa ń pe bí ọrùn kòròfo ṣe di ọta mú títí páráímà á fi ṣáná. Àwọn tó ń di kátíríìjì máa ń fi nọ́ńbà sọ ọ́. Wọ́n á ní “ẹyọ méjì ni mò ń lò,” ìyẹn ni pé inú ọrùn fi 0.002 íǹṣì kéré sí ọta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ọta 6.5 jẹ́ 0.264 íǹṣì, bí inú ọrùn bá jẹ́ 0.262, ẹyọ méjì nìyẹn. Nọ́ńbà yìí wúlò, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n bí ihò ṣe kéré tó nìkan ló ń sọ. Ohun tó ń di ọta mú gan-an ni idẹ: bó ṣe le tó, bó ṣe nípọn tó, bí inú rẹ̀ ṣe ń yọ̀ tó níbi tí ọta ti kàn án, àti bí apá ọta tó wà nínú ọrùn ṣe gùn tó. Kòròfo méjì lè ní 0.262 géérégé nínú ọrùn, kí ọ̀kan fún ọta pinpin, kí èkejì kàn gbà á mọ́ra lásán. Gbogbo ohun tí a rí nínú ọ̀ràn Ẹ̀gbọ́n, orí gbólóhùn yìí ló dá lé.

Àwọn kan á bi yín pé kí ni ọrùn idẹ tín-ín-rín lè ṣe. Agbára gáàsì tó pọ̀ jù tí SAAMI, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìbọn àti kátíríìjì ní Amẹ́ríkà, fàyè gbà nínú 6.5 Creedmoor jẹ́ 62,000 psi (pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan). Ta ni ọrùn níwájú ìyẹn? Òtítọ́ ni, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìgbà tí iná ti ràn tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ní àkókò kúkúrú tí gáàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbára jọ, tí ọta kò tíì mọ̀ bóyá kó dúró tàbí kó lọ. Bí ọrùn bá tètè tú u sílẹ̀, àyè gáàsì fẹ̀ síwájú, ẹ̀tù á sì jó lọ́nà kan. Bí ọrùn bá dì í pẹ́ díẹ̀, ẹ̀tù á jó lọ́nà mìíràn. Kò burú bí ọrùn bá le, kò sì burú bó bá rọ̀, ẹ̀tù á gbà fún èyíkéyìí. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí èyí le, kí ìyẹn rọ̀, nínú àpótí kan náà.

Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀, kí wọ́n tẹ ọta díẹ̀ wọlé lójú mi. Ẹnu kò ṣe é gbà gbọ́ nípa nǹkan báyìí, àfi kéèyàn rí i. Àkọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Ìkejì wọlé wẹ́rẹ́. Ìkẹta, ọwọ́ ẹ̀rọ dé ìdajì ó sì dúró. Ẹ̀gbọ́n fi èjìká kún un, ọta sì já wọlé pẹ̀lú ìró kékeré kan, kíín. Wọn ò tiẹ̀ yíjú sí i. Wọ́n ti mú kòròfo kẹrin.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìró yẹn?”

“Àwọn kan máa ń ṣagídí bẹ́ẹ̀. Mi ò kà á sí.”

Mo yọ àwọn alágídí sọ́tọ̀. Lára wọn, a rí òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán yí imú ọta po, níbi tí irin ìtẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. A wá wọ̀n wọ́n láti ìdí kòròfo dé ibi tí ara ọta ti bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín lọ sí imú, kì í ṣe dé ṣónṣó imú, nítorí ṣónṣó kì í dọ́gba. Àwọn alágídí fi nǹkan bí 0.004 íǹṣì gùn ju àwọn tó wọlé wẹ́rẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ dáì tí a fi tẹ̀ wọ́n kò yí ìwọ̀n padà. Agbára tó yẹ kó ti ọta wọlé, ara ẹ̀rọ ló ti jẹ ẹ́ lára. Torí náà, bí ìdìmú kò bá dọ́gba, gígùn kátíríìjì náà kò ní dọ́gba, àbùkù kan á bí ìkejì. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń ka agbára ìtẹ̀ lè fi ọwọ́ àti gígùn yìí ṣe ẹlẹ́rìí. Ó tó ó sì ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń di kátíríìjì: ìgbà mélòó ni wọ́n ti yìn àwọn kòròfo yìí? Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ di kíkún lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan ti dé ẹ̀ẹ̀kẹfà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀wọ́ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe gbogbo wọn, orúkọ kan náà ló wà nídìí wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dà wọ́n pọ̀ sínú agbada kan.

Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe kòròfo jẹ́ bàbà 70 nínú ọgọ́rùn-ún àti síńkì 30. Ìwà rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí. Bí ìbọn bá dún, ọrùn á fẹ̀ lu ògiri ilé ọta. Dáì á fún un padà sí kékeré. Irin ìfẹnu á tún fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ láti inú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń lù ú fún ìyìn ẹyọ kan ṣoṣo. Idẹ tó rọ̀ á dúró síbi tí ẹ gbé e sí. Idẹ tó ti le á yí padà díẹ̀ síbi tó ti ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí páńda ọrùn ọwọ́ ṣe ń ṣe tí a bá fà á ṣí tí a sì fi í sílẹ̀.

Ẹ wo bí èyí ṣe ṣe Ẹ̀gbọ́n. Dáì wọn jẹ́ irú èyí tó ní kóró irin lórí ọ̀pá àárín. Ó máa ń fún ọrùn pa ju bó ṣe yẹ lọ, kóró yẹn á wá gba inú ọrùn jáde nígbà tí ẹ bá ń fà á sókè, á fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n. Nínú kòròfo tó ṣì rọ̀, ọrùn dúró sún mọ́ ibi tí kóró fi í sí. Nínú èyí tó ti le, bí kóró bá ti kọjá, ọrùn á tún sún padà sínú. Mo ní àwọn ọ̀pá irin kéékèèké tí wọ́n fi ń wọn inú ihò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìdajì ẹyọ ju èkejì lọ. Nínú àwọn kòròfo tí wọn ò tíì yìn púpọ̀, 0.2615 wọlé, nínú àwọn àgbà, 0.2610 gan-an kọ̀. Bẹ́ẹ̀ idẹ àwọn àgbà yìí ló le jù. Ihò wọn kéré jù, ara wọn le jù, àbùkù méjì sì ń ti ara wọn lẹ́yìn lọ sí apá ibì kan náà. (Kálípà kò lè rí ìyàtọ̀ yìí. Ẹnu rẹ̀ tẹ́jú, inú ọrùn sì rí róbótó. Ohun tó máa kà fún yín á kéré sí òtítọ́, á sì yí padà bí ọwọ́ yín bá ṣe tẹ̀ ẹ́.)

Inú ọrùn fúnra rẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń fi omi àti abẹ́rẹ́ irin tí kì í dípẹtà fọ kòròfo. Ó ń fọ̀ ọ́ mọ́ tóbẹ́ẹ̀ tí ẹ lè fi kòròfo ṣe dígí. Ṣùgbọ́n èédú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀tù máa ń fi sílẹ̀ nínú ọrùn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìdọ̀tí, òun ló ń jẹ́ kí ọta yọ̀ wọlé kó sì yọ̀ jáde. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá, idẹ lásán ni yóò máa họ ara bàbà ọta. Ibẹ̀ ni ìró kíín yẹn ti ń wá. Tí irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ bá tún pẹ́ nílẹ̀ kí a tó yìn ín, ọta lè lẹ̀ mọ́ inú ọrùn, kí ìdìmú rẹ̀ sì ga ju ti ọjọ́ tí a dì í lọ. Ẹ̀gbọ́n kò tíì fi ẹ̀rọ tuntun yìí fọ gbogbo kòròfo wọn; àwọn kan ṣì ní èédú nínú, àwọn kan dán gbinrin.

Mo tún wọn bí ògiri ọrùn ṣe nípọn tó, pẹ̀lú maikirómítà tí ẹnu rẹ̀ ní kóró róbótó. Ọ̀pọ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.013 íǹṣì, ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ kan àti èkejì kò sì tó ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n ti ń múra láti ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọrùn kó lè nípọn dọ́gba. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré lọ gbẹ́ ọrùn nítorí iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọwọ́, kì í ṣe nítorí pé ibẹ̀ ni àìsàn wà. A fi í sílẹ̀.

Ó ṣòro fún Ẹ̀gbọ́n láti gbà pé dída kòròfo pọ̀ lásán ló lè ṣe gbogbo èyí, mo sì mọ̀ pé tí a bá yí ohun mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, a ò ní mọ èwo ló ṣe é. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a kàn yà wọ́n sọ́tọ̀. A kò fọwọ́ kan dáì, a kò fọwọ́ kan ẹ̀tù. Àwọn tí wọn ò tíì yìn púpọ̀ lọ sí apá kan, àwọn àgbà lọ sí apá kejì, àwọn tí a kò mọ ìtàn wọn lọ sínú ike tí kò sẹ́ni tó máa ṣí i. A dì wọ́n bí Ẹ̀gbọ́n ti ń dì wọ́n tẹ́lẹ̀, a sì yìn wọ́n. Nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ eré sọ̀ kalẹ̀ gan-an. Nínú ọ̀wọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Èyí tó wú Ẹ̀gbọ́n lórí jù ni pé àárín eré ọ̀wọ́ méjèèjì kò jọra rárá; àwọn àgbà ń sáré jù. Ẹ̀tù kan náà, ọta kan náà, ìbọn kan náà. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wo mi, wọ́n ní, “Ó dáa. Kí la máa ṣe?”

Iná ni a kọ́kọ́ lò. Láti mú idẹ tó ti le rọ̀, ẹ ní láti gbóná ọrùn àti èjìká fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè padà sí ìwà kan náà. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni àkókò á ṣe kúrú tó. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wọ̀n ọ́n lè kun ọ̀dà tó ń yọ́ ní 750°F sínú ọrùn, kó máa wo ìgbà tí yóò yọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n gbígbóná fúnra rẹ̀ lọ ni pé kí ti gbogbo wọn jọra, nítorí náà a lo ẹ̀rọ tó ń yí kòròfo níwájú iná tó sì ń jù ú sílẹ̀ lákòókò kan náà. Mo ti rí àwọn tó ń to kòròfo sínú abọ́ omi, tí wọ́n ń fi iná gáàsì jó orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń tari wọn ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ tí iná kọjú sí á gbóná, ẹ̀gbẹ́ kejì á wà bó ṣe wà, ẹ sì ti dá ìyàtọ̀ tuntun sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń wá ìbádọ́gba.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà: iná kò gbọ́dọ̀ dé ìdí kòròfo. Ìdí ló ń gba agbára gáàsì tó ń wá sẹ́yìn síhà ọ̀dọ̀ ojú yín, líle ni wọ́n sì ṣe é fún iṣẹ́ yẹn. Ìdí tó bá ti rọ̀, kòròfo yẹn ti kú. Ẹ fi òòlù fọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má baà tún dì í.

Lẹ́yìn iná, a yọ kóró irin kúrò nínú dáì. Dáì tí Ẹ̀gbọ́n gbà lọ́wọ́ mi jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi búùṣì sí, òrùka irin tó ń fún ọrùn láti ìta, búùṣì rẹ̀ sì ń pààrọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kátíríìjì tí wọ́n ti dì tán, ọrùn rẹ̀ lóde jẹ́ 0.290 íǹṣì, nítorí 0.264 ti ọta àti ògiri 0.013 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni. A yan búùṣì 0.287, tó ń fún ọrùn díẹ̀ ju ohun tí a fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni a wá fi ọ̀pá ìfẹnu gígùn kan, èyí tí wọ́n ń pè ní mandrel, tó jẹ́ 0.2625, ti inú ọrùn láti òkè. Ọrùn á sún padà ní nǹkan bí ìdajì ẹyọ, á sì dúró sí 0.262.

Kí ló dé tí a fi ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì? Búùṣì ń tẹ ọrùn láti ìta, nítorí náà gbogbo ibi tí ògiri bá ti nípọn jù, inú ni ó ń tì í sí, níbi tí ọta máa kàn. Mandrel ń tẹ̀ ẹ́ láti inú, ó ń ti gbogbo àìdọ́gba sí ìta, níbi tí kò ti ní pa ọta lára. Kò sì dà bí kóró irin àtijọ́, nítorí títì ni wọ́n ń tì í wọlé lórí ìlà kan tààrà. Kóró a máa fa ọrùn tó wà lókè kòròfo tí nǹkan kan kò dì mú, bó bá gbẹ, a máa wọ́ ọrùn náà lọ sí ẹ̀gbẹ́. A fi òróró tẹ́ẹ́rẹ́ kun inú ọrùn kí mandrel tó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n béèrè pé ẹyọ mélòó ló dára jù, ṣé kí wọ́n máa lọ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó lè le dáadáa. Ìbéèrè yìí máa ń wáyé nígbà gbogbo, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í dùn mọ́ni. Bí ọrùn bá ti fi nǹkan bí ẹyọ mẹ́ta kéré sí ọta, idẹ ti kọjá ibi tó ti lè nà kó sì padà. Ọta fúnra rẹ̀ á di mandrel, á fẹ ọrùn lọ bó ṣe ń wọlé, ohun tí ẹ fi kún un kò sì ní dì í mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àṣeyọrí yín ni pé ẹ ti fi orí ọta ṣe iṣẹ́ tí irin yẹ kó ṣe. Ẹni tó ń yìn ìbọn tó ń kó ọta wọlé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú agbára lè fẹ́ ẹyọ mẹ́ta kí ọta má baà sún nígbà tí ìbọn bá ń gbá a. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ki ọta bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi ti Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan sí méjì tó o. Méjì la mú.

Abẹ́rẹ́ irin padà sínú páálí rẹ̀. Nísinsìnyí, wọ́n ń fi ṣùkù àgbàdo gbígbẹ lílọ̀ tí wọ́n ń tà fún fífọ idẹ fọ̀ wọ́n, èédú inú ọrùn sì ń kù díẹ̀. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì náílọ́ọ̀nù gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe láti gbá a mọ́, bí kò ṣe kí èédú náà lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kòròfo tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí wọn, tí inú wọn sì gbẹ, ni wọ́n ń fi ìyẹ̀fun gíráfáìtì fọwọ́ kan lẹ́nu kí wọ́n tó tẹ ọta sí i.

Nítorí pé ìdìmú ti yí padà, a kò gbà pé ìwọ̀n ẹ̀tù àtijọ́ ṣì bójú mu. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a sì ń gòkè padà díẹ̀díẹ̀, a ń wo ojú páráímà àti bí ọwọ́ ìbọn ṣe ń ṣí. Kò sí ẹni tó yẹ kó fo èyí, pàápàá ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìdìmú tó rọ̀ lọ sí èyí tó le.

Nígbà tí a tún yìn ogún mìíràn, ìyàtọ̀ eré kò tó ìdajì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ ti ń bá wọn sọ ọ̀rọ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àyàfi díẹ̀. Ìyẹn tún ṣe pàtàkì: bí a tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí, kòròfo kan tàbí méjì nínú àpótí ṣì ń ṣagídí. N kò mọ ìtàn kòròfo kọ̀ọ̀kan, n ò sì fẹ́ máa wá a kiri. Bí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n bá ti mọ̀ pé ọ̀kan le jù tàbí rọ̀ jù nígbà ìtẹ̀, wọ́n á fi ìkọ̀wé kun ìdí rẹ̀ dúdú, wọ́n á sì fi í sápá kan fún ọta àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń gbóná ọ̀pá. Nínú àwọn tí wọn ò kun ìdí wọn dúdú, ìlà lóòró ní 1,000 yáàdì ti fún pọ̀.

Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní àpótí tirẹ̀. Lórí ìdérí, Ẹ̀gbọ́n ń kọ ìgbà tí wọ́n ti yìn ín, ìgbà tí wọ́n fi iná rọ̀ ọ́ kẹ́yìn, búùṣì àti mandrel tí wọ́n lò. Tí wọ́n bá sọ ọ̀kan nù nínú koríko, wọn kì í mú láti inú àpótí mìíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí ó dín. Ní ti ìgbà tí wọ́n á máa fi iná rọ̀ ọ́, a fẹnu kò sí pé lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan ló rọrùn jù, kì í ṣe nítorí pé idẹ nílò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà máa ka iye.

Ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ tó ṣẹ́kù, mo rò pé kò sí nínú kátíríìjì mọ́. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n ní ojúbọn, mo rí i pé ọjọ́ mìíràn wọ́n á fi èjìká ti ìbọn síwájú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, ọjọ́ mìíràn wọ́n á kàn gbé èjìká lé e. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ìyẹn, àwọn á bójú tó o fúnra àwọn.